Wọ́n Tà Á Pọ̀ Mọ́ Ilẹ̀: Ta Ni Yóò Gbin Àgbálùmọ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́?

Ní oṣù Kejì ọdún yìí, mẹ́ta nínú wa wọ ọkọ̀ ní Ìkòròdú, a ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí a dé Ìtòikín, ọkọ̀ dúró kí èrò kan lè bọ́ sílẹ̀, kíá làwọn ọlọ́jà ti yí fèrèsé ká. Àgbálùmọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn gbé. A ra márùn-ún. Èyí tí a kọ́kọ́ là kan débi pé gbogbo wa la di ojú, àmọ́ a ò jù ú nù. Ta ló ń ju àgbálùmọ̀ nù? Ọ̀kan nínú wa wá bi ìyá tó tà á fún wa pé, "Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ṣé inú oko yín lẹ ti ká a ni?" Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Oko wo, ọmọ mi? Ọwọ́ àwọn tó ń kó o bọ̀ láti Oǹdó la ti ń rà á. Tiwa ti tán. Wọ́n tà á pọ̀ mọ́ ilẹ̀."

Ọkọ̀ gbéra, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ò kúrò létí wa. Wọ́n tà á pọ̀ mọ́ ilẹ̀. A wo ọwọ́ ọ̀tún, a wo ọwọ́ òsì títí a fi dé Ẹ̀pẹ́. Pátákó "ilẹ̀ wà fún títà" ni a ń rí, lẹ́yìn náà fẹ́ǹsì tí kò sí ilé nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà pátákó míì. Ibi tí wọ́n fi kátápílà ha mọ́lẹ̀ bí orí ọmọ tuntun tí wọ́n fá, a ò lè kà á tán. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ní ká kọ èyí, bí ó tilẹ̀ máa bí àwọn kan nínú.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn. Ìdílé, ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó bá ní ilẹ̀ ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ lónìí, tí kò sì ní igi eléso kan ṣoṣo lórí rẹ̀, ó ń sọ nǹkan méjì nù lẹ́ẹ̀kan náà: oúnjẹ àti ẹ̀rí. Oúnjẹ yé gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rí ni ọ̀pọ̀ ti gbàgbé, òun ló sì ń dùn wá jù.

Ẹ jẹ́ ká ti orí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀. Igi wa ni àgbálùmọ̀, kì í ṣe àlejò. Máńgòrò ti òkè òkun wá, kajú ti òkè òkun wá, ìbẹ́pẹ náà bẹ́ẹ̀. Inú igbó Áfíríkà ni àgbálùmọ̀ ti hù. Àwọn Ìgbò ń pè é ní údárà, àwọn Ẹdó ń pè é ní ótìẹ́n, àwọn Haúsá sì ń pè é ní agwaluma, ẹ sì gbọ́ bí ìyẹn ṣe jọ orúkọ tiwa. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló máa ń pọ́n, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹrin, nígbà tí ewébẹ̀ wọ́n tí oòrùn sì ń pa ènìyàn. Fítámìn C wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ọmọdé mọ̀ pé bí a bá jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, èèpo rẹ̀ ṣì wà láti rún lẹ́nu títí yóò fi di ṣingọ́ọ̀mù. Kóró rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ márùn-ún nínú èso kan, kò tíì sí ọmọ àdúgbò tí kò fi ṣeré rí. Igi tó ń fúnni ní gbogbo èyí kò béèrè ajílẹ̀ òyìnbó, kò béèrè kí ẹnikẹ́ni bomi rin ín nígbà tó bá ti dàgbà. Ó kàn ní kí a fi òun sílẹ̀ ni.

Àwa ò fi í sílẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Àwọn àgbà wa kò ka igi sí nǹkan tó kàn dúró lórí ilẹ̀ lásán. Bí àtìpó bá wá tọrọ ilẹ̀ láti dáko, wọ́n á fún un, yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ó lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin ilá. Àmọ́ kò gbọdọ̀ gbin obì tàbí kòkó láìgba àṣẹ. Kì í ṣe ahun ló ń ṣe onílẹ̀. Oṣù díẹ̀ ni àgbàdo ń lò lórí ilẹ̀ kí ó tó kásẹ̀ ńlẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá gbin igi ti ń sọ pé òun kò lọ mọ́. Igi ń sọ̀rọ̀. Bí ìjà ààlà bá dé, wọ́n á wo pèrègún tí wọ́n fi pààlà, wọ́n á béèrè pé ta ló gbin igi yìí, ta ló ń ká èso rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹni tó bá lè na ìka sí igi tí bàbá bàbá rẹ̀ gbìn ti ní ẹlẹ́rìí tí kò lè purọ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè fi owó rà.

Ẹ má sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Ẹ ṣí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, òun ni òfin tó ṣì ń darí ilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn fún ànfààní gbogbo ìlú, Abala 29 sọ ohun tí wọ́n máa san. Lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó tí onílẹ̀ san fún ìjọba lórí rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n gbà á náà ni. Ẹni tí kò san nǹkan kan ńkọ́? Ẹ fúnra yín ṣe ìṣirò rẹ̀. Ibi tí owó gidi wà ni ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe sórí ilẹ̀ náà: ilé, irè oko, kànga. Nígbà tí Abala 51 sì ń túmọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní àtúnṣe sí ilẹ̀, ó dárúkọ oko igi ọlọ́jọ́ gígùn mọ́ ilé àti kànga. Ìyẹn ni pé lójú òfin, ilẹ̀ tí ó ní igi gbígbìn lórí àti ilẹ̀ tó ṣófo kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ẹni tó bá fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lófo ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí títì, ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ẹsitéètì ti ń wọlé lójoojúmọ́, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iye ilẹ̀ náà rẹ́.

Àwọn ajagungbalẹ̀ mọ èyí ju àwa lọ. Kí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe bí wọ́n bá ya wọ ilẹ̀ onílẹ̀ lóru? Wọn kì í kọ́kọ́ mọ ilé. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé kátápílà wá, wọ́n á wó gbogbo igi tó wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pa. Lóòótọ́, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, gómìnà Akinwunmi Ambode, tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀, fọwọ́ sí òfin tó sọ ìwà ajagungbalẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. A kí i fún ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá máa lo òfin náà gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé ilẹ̀ yẹn jẹ́ tòun. Súfèè lè jóná, rìsíìtì lè sọnù, àgbà tó mọ ìtàn lè kú. Igi tí ó ti lo ogójì ọdún lórí ìdúró kò ṣe é gbàgbé bẹ́ẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kìíní ní, "Ta ló fẹ́ dúró dìgbà tí àgbálùmọ̀ máa so?" Òótọ́ ni, igi tí a bá fi kóró gbìn lè lo ọdún méje, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó so. Kò sì sí ìdánilójú pé yóò dùn bí ìyá rẹ̀; ọmọ tó ti inú àgbálùmọ̀ dídùn jáde lè kan bí ọtí kíkan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ́ igi. Ẹni tó bá ti ka Ìwé Róòmù nínú Bíbélì Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á gé ẹ̀ka kékeré lára igi tó ti ń so èso dídùn, wọ́n á so ó mọ́ ara ọ̀dọ́ igi tí wọ́n fi kóró gbìn, wọ́n á fi ọ̀rá dì í pọ̀ títí ara méjèèjì á fi jinná sí ara wọn. Igi tí a bá lọ́ kì í pẹ́ tó èyí tí a fi kóró gbìn kí ó tó so, èso rẹ̀ á sì dùn bí ti igi tí a ti gé ẹ̀ka. Kì í ṣe idán. Ìbàdàn tí kò jìnnà sí wa ni NIHORT wà, ilé ìwádìí lórí èso àti ewébẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1975. Ibẹ̀ náà ni FRIN, ti ìwádìí igbó, wà láti ọdún 1954. Àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ lórí igi yìí. Ìmọ̀ náà wà nílẹ̀. Àwa ni a ò lọ gbà á.

Ẹ tún jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Ilẹ̀ mélòó ló wà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ti rà, tí wọ́n ti mọ fẹ́ǹsì yí ká, tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá? Ẹni tó ń sọ pé òun ò lè dúró de igi ti ń dúró de ilẹ̀ olóko. Koríko ló ń dúró tì.

Àwọn kejì ní kò sí owó nínú rẹ̀. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ra àgbálùmọ̀ ní Èkó nínú oṣù Kìíní rí. Owó wà níbẹ̀; ọwọ́ àwọn tí igi wọn ṣì dúró ní Oǹdó àti Èkìtì ló ń lọ. Ohun tó ń pa òwò náà lára ni pé èso yìí kì í pẹ́ bàjẹ́. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá bọ́ sílẹ̀, ara rẹ̀ ti ń rọ̀. Àgbálùmọ̀ tó fi ọjọ́ méjì wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù ti sọ ìdajì ẹ̀mí rẹ̀ nù kí ó tó dé Èkó. Ǹjẹ́ kì í ṣe Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ló yẹ kí ó máa bọ́ Èkó ní èso bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ká láàárọ̀, tí wọ́n tà kí ilẹ̀ tó ṣú? Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé igi kan lárugẹ. Wọ́n dá LASCODA sílẹ̀ fún àgbọn nìkan ṣoṣo ní ìhà Àgbádárìgì. Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ìrẹsì sí Ìmọ̀tà, ààrẹ sì wá ṣí i ní oṣù Kìíní ọdún 2023. A ò bínú sí àgbọn, a ò bínú sí ìrẹsì. A kàn ń béèrè pé, kí ló dé tí igi tó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí kò ní alágbàwí?

Àwọn kẹta ní igi ń wó fẹ́ǹsì, ewé rẹ̀ ń kún gọ́tà, àjẹ́ sì ń ṣèpàdé lórí rẹ̀. Ti àjẹ́, a fi í lé ẹni tó rí wọn lọ́wọ́. Ti fẹ́ǹsì, òótọ́ wà níbẹ̀: àgbálùmọ̀ máa ń ga púpọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àmọ́ kì í ṣe igi lẹ bá wí nígbà náà, ẹni tó gbìn ín síbi tí kò yẹ ni. Fún un ní nǹkan bíi mítà mẹ́wàá sí ilé, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kí ó gbin igi tó kéré sí i, tàbí kí àwọn ará àdúgbò para pọ̀ gbin ẹyọ kan sí ibi tí gbogbo wọn jọ ń lò.

Àwọn kẹrin ni ọ̀rọ̀ wọn wúwo jù, torí pé àwọn òbí wa wà nínú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ebi ò pa yín ni. Ilẹ̀ la tà la fi rán yín níléèwé." Òótọ́ ni. Ọ̀kan nínú àwa tí a kọ èyí, owó ilẹ̀ ìdílé wọn lápá Àgbówà ni wọ́n fi san owó fásitì rẹ̀. Igi àgbálùmọ̀ méjì ló wà lórí ilẹ̀ náà. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ń ṣa èso wọn tà, òun ló sì fi tọ́ ìyá rẹ̀ dàgbà. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà wó méjèèjì lọ́sẹ̀ tó sanwó, kò sì tíì kọ́ nǹkan kan síbẹ̀ títí dòní. A ò ní jókòó síbí máa bú ẹni tó ta ilẹ̀ nítorí ọmọ tàbí nítorí owó ilé ìwòsàn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó ta ilẹ̀ tí ó bá ṣẹ́ díẹ̀ kù, kí ó gbin igi sórí díẹ̀ yẹn kí owó náà tó tán. Nítorí owó á tán. Gbogbo wa la mọ̀ pé á tán.

Bí ẹ bá sì rò pé ilé nìkan ló yẹ ilẹ̀, ẹ wo Agége. Kí ibẹ̀ tó di ìgboro, ilẹ̀ oko ni. Níbẹ̀, ní Ìfakọ̀, ni J. K. Coker ti dá oko kòkó ńlá tí àwọn àgbẹ̀ mìíràn fi ṣe àwòkọ́ṣe. Obì Agége lókìkí débi pé àwọn oníṣòwò ń ti Òkè Ọya wá rà á. Lónìí, búrẹ́dì ni a mọ Agége mọ́. Búrẹ́dì dára, gbogbo wa là ń jẹ ẹ́, àmọ́ fúláwà rẹ̀ kò hù ní Agége. Ṣé ibi tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ náà ń lọ nìyẹn? Àwa tí a kù ní Èkó tí a ṣì ní ilẹ̀ tó lè hu nǹkan, ṣé a fẹ́ máa ra ohun gbogbo lójú fèrèsé ọkọ̀ ni?

Kò ní dára ká bá àwọn àgbà wí ká fi ara wa sílẹ̀. Láti ìgbà ìjọba Babátúndé Fáṣọlá ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fi ọjọ́ 14 oṣù Keje gbin igi. Lọ́dọọdún ni a máa ń wọ fílà àti asọ ayẹyẹ, a ó ya fọ́tò, a ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Igi wo là ń gbìn? Igi ẹlẹ́wà tó rí ṣọńṣó bí eégún, tí kò so nǹkan tí ẹyẹ pàápàá yóò yà sí wò lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló sì ń padà lọ bomi rin ín? Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a mọ̀ dáadáa, wọ́n gé àgbálùmọ̀ àtayébáyé kan kí wọ́n lè rí ibi páàkì ọkọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kàwé. Nínú ọdún kan náà, ilé ẹ̀kọ́ yẹn ṣe ọjọ́ igi gbígbìn. Àwa náà sì lọ. A jẹ mítípáì, a mu mínírà, a ò sọ̀rọ̀. Òfin tó dá LASPARK sílẹ̀ ní ọdún 2011 wà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gé igi ní Èkó bó ṣe wù ú. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, a dákẹ́. Ìtìjú wa nìyẹn, a sì kọ ọ́ síbí kí a má bàa gbàgbé.

Nítorí náà, a kò fẹ́ parí ọ̀rọ̀ yìí sí ẹnu. Ohun tí a ń béèrè nìwọ̀nyí.

Ẹ̀yin ìdílé tó ní ilẹ̀: ẹ ka igi tó wà lórí ilẹ̀ yín, ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ kọ ọdún tí wọ́n gbìn wọ́n àti orúkọ ẹni tó gbìn wọ́n sílẹ̀ kí àgbà tó mọ̀ tó kú. Bí ẹ bá fẹ́ ta ilẹ̀, ẹ dárúkọ igi nínú ìwé àdéhùn. Ẹ má jẹ́ kí ó lọ bí ohun tí kò níye lórí.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ ẹsitéètì: ibi tí ẹ pè ní ọgbà ìtura nínú àwòrán yín, ẹ fi àgbálùmọ̀ méjì sí i. Òjìji rẹ̀ tutù ju ti igi eégún lọ.

Ẹ̀yin aláṣẹ LASUSTECH ní Ìkòròdú àti ti LASU ní Ẹ̀pẹ́: ẹ ní àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ sì ní ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ́ àgbálùmọ̀, kí ẹ máa ta ọ̀dọ́ igi náà fún àwọn ará ìlú ní owó tí apá wọn ká.

Ẹ̀yin ìjọba: ẹ má sọ iye igi tí ẹ gbìn fún wa mọ́. Ẹ sọ iye tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Àti àwa akẹ́kọ̀ọ́. Àsìkò àgbálùmọ̀ tó ń bọ̀, ẹ má tu kóró dànù sí ilẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sá a sóòrùn, nítorí bó bá gbẹ tán kì í fẹ́ hù mọ́. Ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá omi tí ẹ ti da ihò sí nídìí, ẹ gbé e síbi tí òjìji wà, ẹ máa bomi rin ín. Bí ó bá ti tó ọdún kan, a ó wá ẹni tó mọ igi lọ́ láti kọ́ wa. Àwa mẹ́ta tí a wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ yẹn ti gbin kóró tiwa. Mẹ́rìndínlógún ni a gbìn, mọ́kànlá ló hù. Ọ̀kan nínú wọn ń lọ sí Àgbówà, sórí ilẹ̀ kékeré tó kù fún ìdílé tí a sọ̀rọ̀ wọn lókè. Màmá àgbà ti fi ọ̀pá sàmì síbi tí a ó gbìn ín sí.

Ó lè má jẹ́ àwa la máa jẹ nínú rẹ̀. Kò burú. Ẹni tó gbin èyí tí àwa jẹ lọ́mọdé, kò mọ̀ wá rí.